Ọjọ́ Mọ́kànlá Tí Gbogbo Ilé Fi Wà ní Sítáńbáì

Abẹ́rẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo sì kí ọ kú àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin tí ìyá rẹ sọ pé o máa ń gùn láràárọ̀ kí o tó dé ibi iṣẹ́ rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀ níbẹ̀. Ojú ọ̀gá rẹ kò ní ká àṣìṣe rẹ, bó bá sì máa ká a, oorun ni yóò máa kùn ún lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí, àmín. Bí o bá ń béèrè wa, àlàáfíà ni gbogbo wa wà, àyàfi orúnkún ìyá rẹ, àti ẹ̀yìn mi, àti ojú mi ọ̀tún, àti ewúrẹ́ wa tó jẹ téèpù ìwọnṣọ mi láti ọgọ́ta wálẹ̀ dé ogójì, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ìdí rẹ̀ bá ti ju ogójì lọ báyìí, ojú lásán ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ìyàwó onígáréèjì ọkọ̀ ti bínú sí mi lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní ojú mi ti ń wo nǹkan sí ńlá.

Kò sí ohun tó burú o. Mo tètè sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé bí o bá ti rí ìwé ọwọ́ mi, àyà rẹ á là gàràgà, torí láti ọdún mẹ́ta tí o ti lọ, n ò kọ̀wé sí ọ rí. Ìyá rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n ó máa ṣe bí ẹni pé òwú ni mò ń fi bọ ojú abẹ́rẹ́. Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀, èmi náà mọ̀ ọ́n. Jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ báyìí ni ti Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá. O rántí pé o pè lọ́sàn-án gangan, tí kì í sì í ṣe ọjọ́ ìpè rẹ, o wá ní kí ìyá rẹ gbé fóònù fún mi. Ó ku díẹ̀ kí ìyá rẹ ju fóònù náà sínú abọ́ omi. Ó nà án sí mi bí ẹni tó ń na ẹyin gbígbóná síni. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. O ní Bàámi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní o kú iṣẹ́. O ní ọ̀rọ̀ kan wà tí o fẹ́ bá mi sọ, èmi gan-an, kì í ṣe Màámi, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ ti ń pè ọ́, kí n jọ̀ọ́, Bàámi, kí n wà ní sítáńbáì, o máa pè mí padà. Bí fóònù ṣe dákẹ́ nìyẹn. Mo ṣì dì í mú. Ìyá rẹ ní kí n gbé e sílẹ̀ ní tèmi, mo ní ṣé kò gbọ́ ni, wọ́n ní kí n wà ní sítáńbáì.

Ká má purọ́, n ò mọ ohun tí sítáńbáì jẹ́. Mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn, bí a ṣe ń gbọ́ orúkọ oògùn tí a ò mọ àìsàn tó ń wò. Mo wá gba ọ̀dọ̀ Sájẹ́ǹtì lọ, aládùúgbò wa tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ẹni tó ń to bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, tó sì ń bá wọn wí bí wọn ò bá dọ́gba. Ó jókòó nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí mo ti dé orí sítáńbáì, ó dìde. Ó béèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọ mi obìnrin ni. Ó béèrè pé níbo ló ti sọ ọ́. Mo ní ìlú ńlá ni. Ó bá ṣí fìlà.

Ó ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, pé ọ̀rọ̀ àwọn ṣọ́jà ni, inú bárékè ni wọ́n bí i sí. Ó ní bí ọ̀gá bá ti ní kí ẹ wà ní sítáńbáì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ogun kò tíì dé, àmọ́ ó lè dé kí itọ́ tó gbẹ lẹ́nu. Ẹni tó wà ní sítáńbáì kì í bọ́ bàtà. Kì í rìn jìnnà. Kì í di ojú méjèèjì pọ̀ bó bá ń wẹ̀, bó bá tilẹ̀ máa wẹ̀ rárá. Ìdúró ló fi ń jẹun. Ó ní ṣùgbọ́n olórí gbogbo rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè yọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹnu tó bá fi ọ́ sí sítáńbáì náà ló gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Mo béèrè pé ọjọ́ mélòó ló sábà máa ń jẹ́. Ó ní wọ́n gbàgbé àwọn sí sítáńbáì nínú ilé ẹ̀kọ́ kan fún ọ̀sẹ̀ méje nígbà kan, ogun parí, gbogbo ayé relé, kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn, lẹ́nu obìnrin tó ń kiri búrẹ́dì ni àwọn ti gbọ́. Mo béèrè pé ipò wo ló wà nígbà náà. Ó ní búláńkẹ́ẹ̀tì ló wà ní ìkáwọ́ òun, àmọ́ gbogbo búláńkẹ́ẹ̀tì yẹn ló wà ní sítáńbáì.

Ọmọ mi, ìgbà tí mo padà délé, mo wọ bàtà. Aláwọ̀ dúdú tó lókùn yẹn ni, èyí tí mo wọ̀ lọ síbi tí o ti gbàwé ẹ̀rí. Mo fi sùn. Ìyá rẹ ní òun ò ní bá bàtà sùn nínú ilé òun. Nígbà tó rí i pé mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, ó fi àpò ìrẹsì bo ìsàlẹ̀ ibùsùn, ó sì yí ojú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà títí di òní, n ò tíì rí ìka ẹsẹ̀ mi. Mo ṣáà mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ torí pé wọ́n ń yún mi.

Iṣẹ́ náà dúró. N ò lè tẹ máṣíìnì, nítorí bí mo bá ti ń tẹ̀ ẹ́, ariwo rẹ̀ á bo ohùn fóònù mọ́lẹ̀. Ṣòkòtò Tíṣà wà lórí tábìlì, ẹsẹ̀ kan ni mo tíì rán. Ó wá ní Túsìdeè, mo ní kó máa bínú, sítáńbáì ni a wà. Ó wá ní Wẹ́sìdeè. Ní Tọ́sìdeè, ó ní ó dáa, òun náà ti wà ní sítáńbáì pẹ̀lú ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, ṣé kí òun máa fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lọ kọ́ àwọn ọmọ ni. Mo ní kó fara balẹ̀. Ó jókòó, inú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀ nígbà tó rí i pé òun lè là mí lóye. Ó ní Sájẹ́ǹtì kò purọ́, pé lọ́dọ̀ àwọn ológun ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, àmọ́ ó ti jáde kúrò ní bárékè tipẹ́, gbogbo èèyàn ló ń lò ó báyìí, bí wọ́n ṣe ń wọ kóòtù ṣọ́jà tí wọ́n bá rà ní òkìrìkà, tí wọn ò sì mọ ìbọn-ọ́n yìn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa béèrè káàkiri. N ò jìnnà o, gbogbo ẹni tí mo bi, ojú mi ṣì ń wo ẹnu ọ̀nà wa. Nọ́ọ̀sì ní táwọn bá wà ní sítáńbáì, ilé àwọn ni àwọn máa ń wà, àwọn á jẹun, àwọn á sùn, aṣọ iṣẹ́ á kàn wà lórí ìkọ́, bí wọ́n bá pè kí àwọn sáré wá. Dẹ́rẹ́bà tó ń gbé èrò sọ pé èrò tí kò rí àyè jókòó ni sítáńbáì, ẹni tó ń gbàdúrà kí ẹlòmíràn má wá. Oníṣáájì, ẹni tó ń bá wa ṣáájì fóònù, mú mi wọlé, ó sì fi iná pupa kékeré hàn mí lára tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Ó ní bí òun bá pa á, iná yẹn kì í kú, ìyẹn ni pé tẹlifíṣọ̀n náà wà ní sítáńbáì, ó pajú dé ni, kò sùn. Mo tẹjú mọ́ iná náà títí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Nígbà tí mo délé tí mo rò gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ, ó ní ṣé bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn, a jẹ́ pé láti ọjọ́ tí òun ti wọlé mi ni òun ti wà ní sítáńbáì, tí òun ń dúró dè mí kí n sọ̀rọ̀ tán kí òun lè sùn, tí kò sì sẹ́ni tó fún òun ní orúkọ rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ṣọ́jà la ń sọ níbí.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, nínú èsì rẹ, sọ èyí tí o fi mí sí gan-an fún mi. Bó bá ṣe ti nọ́ọ̀sì ni, à bá ti wẹ̀. Mo mú ti Sájẹ́ǹtì nítorí òun ló wúwo jù. Láti ọdún mẹ́ta, ohun àkọ́kọ́ tí o máa ní kí n ṣe fún ọ nìyẹn, n ò fẹ́ kó di pé mo fi ọwọ́ kan gbé e.

Ẹ̀yin tó wà lókè àtẹ̀gùn lè rò pé ìdúró lásán la dúró. Rárá o. A ṣètò. Sájẹ́ǹtì ló kọ́ wa. Ìyá rẹ ló ni ìṣọ́ àárọ̀, èmi ni mo ni ọ̀sán, àbúrò mi káfíńtà ló ni ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ń ṣọ́ á jókòó ti máṣíìnì, nítorí inú àpótí kékeré abẹ́ máṣíìnì ni fóònù wà, mo fi aṣọ funfun wé e. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n ká àbúrò mi mọ́ ibi tó ti sùn lẹ́nu ìṣọ́, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé orí máṣíìnì, itọ́ rẹ̀ ti dé ibi tí à ń ki òwú sí. Sájẹ́ǹtì ní ìjìyà rẹ̀ ni kó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ nígbà mẹ́wàá. Àbúrò mi tó ti tó ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta fo méjì, ìbàdí rẹ̀ há síbẹ̀, kò lè dìde, kò lè jókòó. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n pè kó wá bá a na ìbàdí. Ó sọ̀rọ̀ sí gbogbo wa bí ẹni ń bá ọmọdé wí, ó tún béèrè pé kí ló ń rùn. Bàtà mi ni.

Ní ti fóònù náà fúnra rẹ̀, fọkàn balẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n Sájẹ́ǹtì ti yọ jù. Ó ní bátìrì fóònù, ọta ìbọn ni. Ṣọ́jà tó bá ń dúró de ogun kì í máa yìnbọn sófuurufú, kó má bàa ti yìn ín tán kí ogun tó dé. Nítorí náà, pípa la pa fóònù náà. Aago mẹ́fà àárọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la máa ń tàn án, a ó ka ení, èjì, títí dé ọgọ́rùn-ún, bí ìpè rẹ kò bá wọlé, a ó tún un pa kíá. Àbí o ò rí i bó ṣe dára tó? Ọjọ́ mọ́kànlá, a ò ṣáájì rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ! Bí o bá pè nígbàkigbà, bátìrì tó kún dẹ́múdẹ́mú ni wàá bá pàdé.

Ìyá rẹ tilẹ̀ béèrè pé bí o bá wá pè nígbà tí a pa á ńkọ́. Mo fún un lésì. Mo ní bí lẹ́tà bá dé tí kò sẹ́ni nílé, ṣé ó máa ń padà sẹ́nu ẹni tó kọ ọ́ ni? Ṣebí pósítọ́fíìsì ló ń bá a tọ́jú rẹ̀. Ìpè tí èèyàn fi owó rẹ̀ pè kò lè kàn ṣòfò dànù, ó ní ibi tí wọ́n ń tò wọ́n sí de ẹni tó ni wọ́n. Ìyá rẹ wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. Mo rò pé ó ti yé e.

Ohun kan ló kàn ń ṣẹlẹ̀ tí kò yé wa dáadáa. Bí a bá ti tan fóònù náà, á gbọ̀n, á sì wúkọ́, tẹ́ẹ̀sì á wọlé lédè òyìnbó, nọ́ńbà rẹ á wà níbẹ̀, iye kan á sì tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kìíní, mẹ́rin ni. Ó di mẹ́sàn-án, ó di mẹ́tàdínlógún, ní àná ó ti di mọ́kànlélógójì. Sájẹ́ǹtì tó gbọ́ òyìnbó díẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀. Ó ní àwọn iléeṣẹ́ tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, wọ́n ń jábọ̀ fún wa ni, pé nọ́ńbà rẹ wà lọ́wọ́ wọn, kò tíì sọ nù, wọ́n sì ń kà á lójoojúmọ́. Inú wa dùn. Mo ní kó bá mi kọ ọ́ sí wọn pé wọ́n káre. Ó kọ ọ́. Wọ́n yọ náírà mẹ́wàá, mo ní kò burú, ẹni tó ń bá ọ ṣọ́ ọmọ, èèyàn á fún un ní nǹkan.

Ní ọjọ́ kẹjọ ni ìyá rẹ ya aláìgbọràn. Ó ní òun kì í ṣe ṣọ́jà, òun kò sì jẹ oyè kọ́púrà, òun ti kúrò lẹ́nu ìṣọ́. Ó jókòó tì mí. Ó wá sọ̀rọ̀ kan tí kò pariwo sọ. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ mẹ́jọ ni mo ti wà ní sítáńbáì, ọdún mẹ́ta ni, ta ló fi mí sí i? Ó ní nọ́ńbà ọmọ mi wà nínú fóònù yẹn, bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ni, kí ló dé tí èmi kò lè tẹ̀ ẹ́? Mo ní ẹni tó wà ní sítáńbáì kì í pe ọ̀gá rẹ̀. Ó pòṣé, èyí tó gùn, ó lọ dá iná.

N ò lè sùn dáadáa láti ìgbà náà, kì í sì í ṣe tìtorí bàtà. Mò ń ro ohun tí o fẹ́ bá mi sọ. Ìyá rẹ ní ọkọ lo fẹ́ mú wálé. Àbúrò mi ní wọ́n ti lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ ni, àmọ́ ìbàdí ló ń dùn ún, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló korò. Èmi ń bẹ̀rù ohun mìíràn. O rántí ọjọ́ tí o gbé báàgì. Téèpù wà lọ́rùn mi, oníbàárà mẹ́ta jókòó. Mo ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ kò tíì kan pẹ́dà, mo ti kọ orúkọ àwa méjèèjì sí pátákó, o wá ní iṣẹ́ ọ́fíìsì lo fẹ́ ṣe. Mo ní bí o bá fi máṣíìnì yìí sílẹ̀, kí o má pè mí ní bàbá mọ́. O gbé báàgì. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, èmi náà mọ òwe yẹn kó tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Láti ìgbà náà, o ń ránṣẹ́, o ń fowó ránṣẹ́, o ń béèrè mi lọ́wọ́ ìyá rẹ, o ní ẹ bá mi kí wọn. Wọn yẹn ni mo wá di. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rù pé bóyá o ti rò ó tán ni, o fẹ́ sọ fún mi fúnra rẹ pé o ti gba ọ̀rọ̀ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Mọ́ńdè yẹn, o pè mí ní Bàámi. Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ẹ kàn ń fi parí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni sítáńbáì, bí a ṣe ń sọ pé ó dàbọ̀, tí o sì ti gbàgbé pé o sọ ọ́, má ṣe

Mo dáwọ́ dúró níbẹ̀ nítorí fóònù ń dún nínú àpótí abẹ́ máṣíìnì. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, kì í ṣe aago mẹ́fà, ta ló tàn án? Mo pariwo pé ta ló ń fi ọta wa ṣòfò. Ìyá rẹ ń bó nǹkan nínú ilé ìdáná, kò gbójú sókè. Mo ní kó bá mi pa á, pé lẹ́tà ọmọ mi ni mò ń kọ lọ́wọ́, kí ariwo yẹn má da ọ̀rọ̀ rú mọ́ mi lórí. Ó nu ọwọ́, ó wá, ó mú un, ó sì tẹ ti aláwọ̀ ewé. Mo fẹ́ bínú. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ.

Mo ti padà sídìí lẹ́tà yìí báyìí. O pariwo, o sunkún, o ní ọjọ́ mọ́kànlá ni o ti ń pè, o ní nọ́ńbà kan ṣoṣo lo ní, o ní o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì pé o ń bọ̀ wálé lọ́la wá wo ẹni tó kú nínú wa. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, kí o fi tíkẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ di ìgbà tí o bá gba ìsinmi. O ní kí wá ló dé? Mo ní a wà ní sítáńbáì ni. Mo wá bi ọ́ pé irú èwo ni, o ní kò ju pé kí n má jìnnà sí fóònù, bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún. O ní bẹ́ẹ̀ ni. N ò sọ̀rọ̀ bàtà fún ọ, inú lẹ́tà yìí ni o ti ń kà á, rẹ́rìn-ín tìẹ, àmọ́ má kà á sókè ní ọ́fíìsì. Àti iye mọ́kànlélógójì yẹn, o ti ṣàlàyé, ó sì ti yé mi. Ó dùn mí. Ó dùn mọ́ mi nínú pẹ̀lú, kí n má purọ́, nítorí n ò mọ̀ pé èèyàn lè pè mí tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni o wá sọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. O ní o ra máṣíìnì àlòkù kan, inú yàrá rẹ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, o ń rán nǹkan bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé. O ní gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa, àfi kọ́là, pé ṣóńṣó rẹ̀ ń yí sókè, tèmi kì í sì í yí, báwo ni mo ṣe ń ṣe é? N ò lè fèsì. O rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, o ń ní hẹ́lò, hẹ́lò. Mo ní mo wà níbí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kọ́là, bí a ṣe ń gé ti abẹ́ kéré ju tòkè lọ díẹ̀, bí a ṣe ń fà á nígbà tí a bá ń rán an, ibi tí a ti ń dín igun kù kó tó di pé a yí inú rẹ̀ síta, mo ń sọ ọ́ lọ, mo fi ọwọ́ ń ṣàpèjúwe bí ẹni pé o ń rí mi, títí bátìrì fi kú. Gbogbo ọta tí a fi ọjọ́ mọ́kànlá tọ́jú, orí kọ́là la yìn ín tán sí. Sájẹ́ǹtì ní irú ogun bẹ́ẹ̀ kò burú. Mo bọ́ bàtà lójú rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ kọ̀, kò fẹ́ kúrò lára, ìyá rẹ sì sá jáde síta pẹ̀lú ìkòkò tó ń gbé lọ́wọ́.

Bí o bá ń fowó ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi ti káàdì fóònù sí i. Kì í ṣe fún ìyá rẹ o, tèmi ni. Èmi ni n ó máa pè ọ́, wọ́n ti fi bọ́tìnnì hàn mí. Fi ti ọṣẹ náà sí i. Mo ti gé kọ́là kan sínú bébà, òkè àti abẹ́ rẹ̀, mo ká a pọ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Gbé e lé orí aṣọ bó ṣe wà, má fi kún un, má yọ nínú rẹ̀.

Ó ku ohun kan. Mo ti mú un sẹ́nu nígbà tí o ń ṣe hẹ́lò, kọ́là ló ṣáájú jáde. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo lò lọ́jọ́ yẹn, mo sì fi ọ̀tún pa mọ́ fún ọdún mẹ́ta. Mo jẹ̀bi. Iṣẹ́ tí o yàn kò ṣe mí ní nǹkan kan, pé o lọ ló dùn mí, n ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn. Má fèsì èyí lórí fóònù, ojú á tì mí. Ṣáà máa pè mí bí o ṣe pè mí ní Mọ́ńdè yẹn.

Kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n lórí aṣọ, kí ẹsẹ̀ rẹ má yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tí yóò dúró tì ọ́ níbẹ̀ kò ní jìnnà sí ọ. Ohun tí o bá gé kò ní kéré, èyí tí o bá rán kò ní tú. Àmín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.